Ibùdókọ̀ Rélùwéè Papalanto: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí

Ìtòrí ni mo ń gbé. Àbúrò mi obìnrin wà ní Yaba, ọmọ mi àgbà ń kàwé ní Ìbàdàn, torí náà ó ṣòro kí oṣù kan kọjá kí n má wọ rélùwéè láti Papalanto. Ohun tó sọ mí di ọ̀gá téṣọ̀n ọ̀sán gangan nìyẹn lójú ẹbí, ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tí a jọ ń gbé àdúgbò. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ rélùwéè o, èrò lásán ni mí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn lórí WhatsApp láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnu sì ti ń ro mí. Ni mo bá kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí.

Níbo gan-an ni Papalanto wà?

Ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Èkó lójú ọ̀nà márosẹ̀ Abẹ́òkúta, ẹ ó kọjá Ṣàngó Ọ̀tà, ẹ ó kọjá Ifọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ ó kan oríta kan: ọwọ́ òsì gba Ìlaròó lọ, ọwọ́ ọ̀tún gba Ṣàgámù. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ sí Papalanto. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò wà níwájú díẹ̀, torí náà tírélà pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn bí eèrà.

Ohun tó máa ń da àlejò láàmú ni pé oríta kọ́ ni ibùdókọ̀. Bí ẹ bá sọ̀ lóríta, ẹ ó tún wá ọ̀kadà. Ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé téṣọ̀n rélùwéè tuntun lẹ̀ ń lọ, kí ẹ sì tẹnu mọ́ "tuntun" yẹn dáadáa. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó jókòó, torí tí wọ́n bá ti rí báàgì lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ń wo aago, owó á gbẹ́sẹ̀ sókè.

Ta ni obìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára ibùdókọ̀ yẹn?

Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n sí ìyá Fẹlá, ṣùgbọ́n màmá náà ti lórúkọ kí Fẹlá tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1900. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta, èyí tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, òun ló kó àwọn ìyálọ́jà àti àwọn obìnrin tó kàwé pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Láti 1947 ni wọ́n ti ń tú jáde sí iwájú ààfin, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà wá lẹ́yìn náà. Màmá kú ní 1978, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá tí wọ́n sì ṣe é léṣe níbẹ̀.

Ní 2020 ni ìjọba àpapọ̀ kéde orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n fún àwọn ibùdókọ̀ tí èrò ń wọ̀, màmá nìkan ni obìnrin. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Wọ́n sì gbé e sí Papalanto. Tèmi ni pé Abẹ́òkúta ni ì bá tọ́ sí i jù, ṣùgbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ti ibẹ̀, ìbátan ni wọ́n ṣáà jẹ́, inú ẹbí kan náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Ṣé rélùwéè ayé ọjọ́un náà ni?

Rárá o. Èyí tí àwọn bàbá wa ń wọ̀, tó ń lọ "fàkàfìkì, fàkàfìkì", àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Èkó ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ó sì wọ Ìbàdàn ní 1901. Ojú irin rẹ̀ tóóró: 1,067 mílímítà ló wà láàárín irin kan sí èkejì. Tuntun yìí fẹ̀ tó 1,435. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lé ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ti àtijọ́ kò fi lè gun ti ìsinsìnyí, tí tuntun náà kò sì lè bọ́ sórí ti àtijọ́ kó máa lọ sí Òṣogbo tàbí Ọ̀fà. Ẹni tó bá ń lọ sí Òṣogbo tó wá wọ ọkọ̀ ní Papalanto, Ìbàdàn ni yóò ti sọ̀kalẹ̀.

Oṣù Kẹta 2017 ni wọ́n dáwọ́ lé tuntun, àwọn ará Ṣáínà ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀, Ààrẹ Bùhárí sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, ojú irin méjì sì ni wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ má baà máa dúró de ara wọn.

Bàbá mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kọ́kọ́ bínú nígbà tó wọ tuntun. Ó ní kò pariwo, ó ní báwo lèèyàn á ṣe mọ̀ pé òun ń rin ìrìnàjò. Nígbà tó rí i pé ife tíì òun kò mì lórí tábìlì, ó dákẹ́.

Àwọn ibo ni ibùdókọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn?

Tí ẹ bá kúrò ní Èbúté Mẹ́tta, ẹ ó kan Agége, Agbádó, Kájọlà, kí ẹ tó dé Papalanto. Lẹ́yìn Papalanto, ó di Abẹ́òkúta, Olodo, Omi-Àdìó, kó tó parí sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Gbogbo wọn ló ní orúkọ èèyàn ńlá: Mobọ́lájí Johnson ni ti Èbúté Mẹ́tta, Ládòkè Akíntọ́lá ni ti Omi-Àdìó, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ti Mọ́níyà. Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá wá di aládùúgbò padà, ibùdókọ̀ kan sí èkejì. Ẹni tó mọ ìtàn ìwọ̀ oòrùn ayé ọjọ́un á rẹ́rìn-ín.

Orúkọ ìlú ni kí ẹ máa lò o. Bí ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà ní Ìbàdàn pé ẹ̀ ń lọ sí ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó lè gbé yín lọ sí pápá ìṣeré.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀ kéékèèké. Ẹ bèèrè ní kántà kí ẹ tó sanwó: "Ṣé èyí á dúró ní Papalanto?" Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n mo mọ ẹnì kan tí kò bèèrè tó wá ń na ọwọ́ sí ilé ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Báwo ni mo ṣe lè ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè rà á ní kántà. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń fún mi ní nọ́ńbà kóòṣì àti ti ìjókòó láti ilé. Ẹ tẹ orúkọ yín bó ṣe wà nínú káàdì ìdánimọ̀, kí ẹ má tẹ "Ìyá Bọ̀sẹ̀". Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àgbègbè yìí dà bí ọkọ ìyàwó tó bínú lọ, ẹ ò mọ ìgbà tó máa dé. Tí fóònù yín kì í bá gbé iná pẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé ní ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́yìn ògiri. Ó lè sọ pé òun kàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó ran ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Èló ni?

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2021, láti Èkó dé Ìbàdàn, economy jẹ́ 2,500 náírà, business 5,000, first class 6,000. Owó ti gòkè láti ìgbà yẹn, bí gbogbo nǹkan ṣe gòkè, torí náà iye tó wà lójú kántà lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ni kí ẹ gbára lé. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní ìdajì ọ̀nà, bíi láti Papalanto, kì í san iye tí ẹni tó ń ti Èkó dé Ìbàdàn ń san.

Economy tó fún ìrìnàjò wa yìí. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ìjókòó mọ́ra díẹ̀, ó sì tán. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe yàngàn níwájú àna, ẹ lọ first class.

Ìgbà wo ló yẹ kí n dé?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀.

Dánfó ti bà wá jẹ́. Dánfó á dúró de èrò, kọ̀ńdọ́ á máa pè, àgbérò á máa lu pátákó ọkọ̀, ẹni tó gbàgbé wàláà á sáré lọ mú un, tí awakọ̀ á ṣì máa jẹ gúgúrú. Rélùwéè kò mọ gbogbo ìyẹn. Bí aago bá ti lù, ó ti lọ. Ní ibùdókọ̀ ńlá bíi Èbúté Mẹ́tta, ọkọ̀ á ti wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbéra. Ní ibùdókọ̀ kékeré, ńṣe ló máa dé, ìlẹ̀kùn á ṣí, àwọn tó ń sọ̀ á sọ̀, àwọn tó ń wọ̀ á wọ̀, ìlẹ̀kùn á tì. Ìṣẹ́jú péréte ni.

Lọ́jọ́ kan, mo kúrò nílé pẹ̀lú wákàtí kan gbáko lọ́wọ́. Mo ní mo ti gbọ́n. Táyà ọ̀kadà tó gbé mi jò láàárín oko ẹ̀gẹ́ kan tí kò sí èèyàn. Ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ tì í, èmi náà ń rìn tẹ̀lé e pẹ̀lú àpò gàrí lórí, òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú. A gbọ́ fèrè kí a tó rí ọkọ̀. Nígbà tí mo máa fi gun ìdí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀, ìdí rẹ̀ ni mo rí, funfun kinniwin, tó ń kéré lọ sí ìhà Abẹ́òkúta. Obìnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ńṣì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìpẹ́ o." Mi ò dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ yẹn, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń ṣáájú ọkọ̀ kúrò nílé, mo sì ní nọ́ńbà ọlọ́kadà méjì lórí fóònù. Ẹ fẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín? Ìrìnàjò rélùwéè rọrùn láti Papalanto dé Ìbàdàn. Láti ilé yín dé Papalanto ni ogun wà.

Ẹrù ńkọ́?

Ẹrù tí ẹ lè fi ọwọ́ yín gbé wọlé, tí kò ní dí ọ̀nà àárín ìjókòó, kì í fa wàhálà. Ẹrù ọjà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: tí ẹ bá ní àpò gàrí mẹ́wàá, ọkọ̀ èrò kọ́ ni kí ẹ wá. Bẹntiróòlù, gáàsì, kẹrosíìnì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ewúrẹ́ àti àgbò náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ìbáà jẹ́ Iléyá ló kù ọ̀la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé epo pupa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rá méjì wé kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ ara yín. Mo ti ba ṣòkòtò funfun kan jẹ́ nítorí epo ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Mo ní aboyún, arúgbó, tàbí ọmọ kékeré lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ra ìjókòó tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ tó bá wà lórí pèpéle kí ọkọ̀ tó dé, kì í ṣe nígbà tó bá dé. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kọ́kọ́ wọlé kí ẹrù tó tẹ̀lé e. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀, èyí nìkan ti tó kí aboyún yàn án ju mọ́tò lọ. Ọmọ kékeré, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí pèpéle títí ọkọ̀ á fi dúró jẹ́ẹ́.

Oúnjẹ wà nínú ọkọ̀?

Wọ́n ń ta nǹkan ìpanu àti ohun mímu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ adùn ẹ̀kọ tútù àti àkàrà àárọ̀ á ra tirẹ̀ lóríta kó tó gun ọ̀kadà. Ẹ má tú ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ nínú kóòṣì tó tilẹ̀kùn pa, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àṣẹ kọ́, ẹ̀bẹ̀ ni.

Oshòdì ni mo ń lọ. Ṣé ó dìgbà tí mo bá dé Èbúté Mẹ́tta?

Kò dìgbà náà mọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Red Line, láti Agbádó dé Oyíngbò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá 2024. Ó ń dúró ní Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oshòdì, Mushin àti Yaba. Ẹ lè sọ̀ ní Agbádó tàbí Agége kí ẹ wọ tiwọn. Tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò papọ̀ o: ti Red Line, káàdì Cowry ni, èyí kan náà tí wọ́n ń lò fún bọ́ọ̀sì BRT. Ẹ ti kó owó sínú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Àbúrò mi ní Yaba ló fi èyí hàn mí, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣé ó yá ju mọ́tò lọ?

Láti Èkó dé Ìbàdàn, nǹkan bíi wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni. Nígbà tí ọ̀nà bá dá, mọ́tò lè gbà yín bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìgbà wo ló dá? Ẹni tó bá ti jókòó ní Ṣàngó lọ́jọ́ òjò, tí omi kún kòtò, tí tírélà méjì dábùú títì, kò nílò kí n máa ṣàlàyé. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rélùwéè kì í ṣe eré rẹ̀. Ó jẹ́ pé mo lè sọ fún ọmọ mi pé mò ń bọ̀ láago báyìí, kó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìlaròó tí ilé yín wà ní Ìbàdàn, ẹ̀yin ló ṣe láǹfààní jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Abẹ́òkúta láti Papalanto, ẹ wọ mọ́tò. Ladérin ni ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta wà, lẹ́yìn ìlú. Kí ẹ tó ti ibẹ̀ wọ àárín ìlú, ẹni tó wọ mọ́tò á ti jẹun tán.

Ààbò ńkọ́? Mo gbọ́ ti Kàdúná.

Ìbẹ̀rù yín kò ṣàjèjì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ. Ní oṣù Kìíní 2023, wọ́n tún jí àwọn èrò gbé ní ibùdókọ̀ Igueben ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀. Ti Igueben yìí ló jọ tiwa jù, torí ibùdókọ̀ kékeré ni, láàárín igbó. Ìdí nìyí tí n kì í fi jókòó síbi tó dá, tí n kì í sì í dúró sí ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ ṣú bá mi. Tí ọkọ̀ yín bá máa dé nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa gbé yín ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó sọ̀.

Ṣé mo lè gba orí ojú irin kọjá? Ibẹ̀ ló yá jù sí oko wa.

Rárá. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré lè lo tó kìlómítà kan kó tó dúró, bí awakọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ rí yín. Kò lè yà fún yín. Ti tuntun kì í pariwo bíi ti àtijọ́, èyí tí bàbá mi ń ráhùn sí, òun gan-an ló ń pa èèyàn: kí ẹ tó gbọ́ ọ, ó ti dé. Ẹ yọ ìfetígbọ́ yín létí. Ẹ̀yin tí ẹ ń da màlúù àti ewúrẹ́, ẹ gba ibi afárá tàbí abẹ́ rẹ̀.

Ìgbà mìíràn ọkọ̀ kan máa ń kọjá, kì í dúró, kò sì ní fèrèsé.

Ẹrù nìyẹn. Láti Àpápá ló ń kó àpótí ẹrù bọ̀. Ẹ má juwọ́ sí i.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni lọ́dún Kérésìmesì?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Láti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 2024 di ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2025, ìjọba àpapọ̀ ní kí èrò máa wọ rélùwéè lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti ṣe irú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ ọdọọdún o, ó dìgbà tí wọ́n bá kéde. Ìjókòó kì í sì í pọ̀ sí i nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ á ti kún inú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Tí ọkọ̀ bá fi mí sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ padà sí oríta. Mọ́tò Abẹ́òkúta ń kọjá níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, láti Abẹ́òkúta ẹ ó rí ti Ìbàdàn. Kí ẹ tó kúrò ní téṣọ̀n, ẹ bèèrè ní kántà bóyá ọkọ̀ mìíràn ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣé a lè pè yín tí a bá fẹ́ mọ àkókò tí ọkọ̀ máa dé?

Ẹ lè pè mí. Àmọ́ ẹni tó pè mí láago mẹ́rin ìdájí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí n bá òun bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ kó dúró díẹ̀, mo ti mọ nọ́ńbà yín. Mi ò ní gbé e mọ́.